Ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹkáníìkì kan: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìlà tí kì í tán

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ l'Óṣogbo. Bí mo bá ráyè, mo máa ń jókòó ti àwọn tó ní ibi ìlọta, àwọn oní-POS àti àwọn onígẹ̀rígẹ̀run, a ó jọ máa ka oníbàárà wọn, ká lè mọ ohun tó ń fa èrò. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mi jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ibi ìlọta ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ta ni wọn ò rán ní ata lílọ̀ rí? Nọ́ńbà tí mo lò, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù yín rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní, oníbàárà mi ò sì ju agbára wọn lọ. Kí ló dé tí èrò ò fi tán níwájú ṣọ́ọ̀bù mi?

Torí pé ẹ̀rọ mẹ́ta tí kì í bàjẹ́ lẹ ń ṣírò. Ká ní 30 oníbàárà ló ń wá ní wákàtí kan, tí ẹ̀rọ kan sì ń lo ìṣẹ́jú 4 lórí ẹnì kan. Ẹ̀rọ kan á dá èèyàn 15 lóhùn ní wákàtí kan, mẹ́ta á dá 45 lóhùn. Bí kò bá sí èyí tó dúró nínú wọn, tí gbogbo èèyàn sì tò sórí ìlà kan, ẹni tó dé kì í sábà dúró tó ìṣẹ́jú 2 kó tó kan án. Ká kúkú sọ pé kò sí èrò.

Wàyí o, ká ní ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5, á wá dẹnu kọlẹ̀ fún wákàtí 1. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á ṣírò pé 5 nínú 6 agbára òun ṣì wà, ìyẹn 37 àbọ̀, ó ṣì ju 30 lọ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Ìlà kì í rí 37 àbọ̀ láéláé. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń rí, tàbí méjì, tàbí ọ̀kan, tàbí kó má rí ìkankan. Bí ìbàjẹ́ ọ̀kan kò bá kan èkejì, tí kálukú sì ní ẹni tó ń tún un ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdá 58 nínú 100 àkókò, méjì fún ìdá 35, ẹyọ kan fún ìdá 7. Ìgbà tí gbogbo wọn bàjẹ́ pọ̀ kò pé ìdá 1.

Nígbà tó bá ku méjì, 30 ni agbára yín, 30 náà ló ń wọlé. Èrò tó bá ti wà nílẹ̀ kò ní dín. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan, èèyàn 15 ni yóò máa kún ìlà ní wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí pé fún ìdá 42 nínú 100 àkókò, ṣọ́ọ̀bù tó "ní agbára tó pọ̀ tó" kò lè dín èrò kù rárá. Ìdá 58 tó kù ló fi ń san gbèsè.

Èwo ló burú jù, ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ àbí èyí tó ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì ń pẹ́?

Èyí tó ń pẹ́ ni, bí ìwọ̀n àkókò tí àwọn méjèèjì fi ń dúró lápapọ̀ bá tilẹ̀ dọ́gba.

Ẹ wo ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, ó ń dúró fún ìṣẹ́jú 6. Èkejì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5, ó ń dúró fún wákàtí 1. Ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 5, ó ń dúró fún odidi ọjọ́ kan. Ìdá 5 nínú 6 ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́. Ká wá ní ẹ̀rọ méjì dúró pọ̀. Tó bá jẹ́ fún ìṣẹ́jú 6, èèyàn kan tàbí méjì ló máa kún ìlà. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí 1, èèyàn 15 ni. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ fi wákàtí 10 ṣiṣẹ́, 150 ni, àmọ́ ẹ ò ní rí 150 lórí ìlà, torí wọ́n á ti gba ibòmíràn lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi èèyàn pé "wákàtí mélòó ló fi dúró?" kí n tó bi í pé "ẹ̀ẹ̀melòó ló bàjẹ́?". Ọ̀pọ̀ ló ń rántí iye ìgbà. Bó ṣe pẹ́ tó kì í sí lọ́kàn wọn.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló ń tún ẹ̀rọ mi ṣe. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ kẹrin?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí owó ńlá wà nínú rẹ̀.

Bí mẹkáníìkì bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ náà yóò tò sórí ìlà. Ìlà méjì ló wá wà: ìlà èèyàn níwájú, ìlà ẹ̀rọ lẹ́yìn. Pẹ̀lú nọ́ńbà wa ti òkè yẹn, àkókò tí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ á gùn láti ìdá 7 dé ìdá 15 nínú 100. Ìlọ́po méjì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kò yí padà, oníbàárà kò pọ̀ sí i.

Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ kẹrin tí ẹ sì fi mẹkáníìkì kan náà sílẹ̀, ìdá 15 yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sí 9. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ yín wà ní mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí ẹ dín àkókò àtúnṣe kù láti wákàtí kan sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá 5. Kí ló ń mú àtúnṣe pẹ́? Ní ibi tí mo ti jókòó kà á, kì í ṣe títú ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì já, wọ́n pe mẹkáníìkì, ó dé, ó wò ó, ó ní kí wọ́n lọ ra bẹ́líìtì, ọmọ gun ọ̀kadà lọ, ó ra èyí tí kò bá a mu, ó padà. Bẹ́líìtì méjì tí ẹ so kọ́ ògiri àti bẹ́àrìn kan tí ẹ tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ kẹrin kò lè ṣe.

Mi ò ní purọ́ fún yín o: ẹ̀rọ kẹrin ń fi agbára kún un gan-an nígbà tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ́ kí èrò tètè tú. Bó bá jẹ́ pé èrò ń pọ̀ nígbà tí kò sí ẹyọ kan tó bàjẹ́, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ burúkú nìkan lẹ ń sá fún, ẹ kọ́kọ́ ra bẹ́líìtì.

Iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná, gbogbo ẹ̀rọ ló ń dúró pa pọ̀.

Ìṣirò tí mo ṣe lókè kò bá iná mu nìyẹn. Ó gbà pé ìbàjẹ́ ọ̀kan kò mọ nípa èkejì. Iná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ lè ní POS márùn-ún lórí tábìlì, bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo wọn, tí kọ̀ǹpútà wọn sì dákẹ́, òdo lẹ ní. POS méjì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì sàn ju márùn-ún láti ibì kan.

Ẹ wo ohun tí wákàtí kan láìsí iná ń ṣe. Èèyàn 30 ló máa kó jọ. Iná dé, ẹ̀rọ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata 45 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n 30 mìíràn ṣì ń wọlé, 15 péré lẹ lè fi dín èrò kù. Wákàtí 2 gbáko ni èrò wákàtí 1 yẹn fi máa tán. Èyí ló dé tí ẹni tó bá dé ní aago 11 fi ń bú yín nítorí iná tó lọ ní aago 9 tó dé ní aago 10. Ó bá ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Ṣé jẹnẹrétọ̀ wá tó owó rẹ̀? Ẹ ka wákàtí mẹ́ta tí ìlà fi bàjẹ́, ẹ má ka ọ̀kan.

Èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń lọ kírun ní ọjọ́ Jímọ̀. Ṣé ká tì í pátá ni, àbí ká máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan?

Ìsinmi tí a ti mọ̀ ṣáájú yàtọ̀ sí ìbàjẹ́ lọ́nà kan tó ṣe pàtàkì: ẹ̀yin lẹ ń yan ìgbà tó máa bọ́ sí. Ìbàjẹ́ kì í bèèrè.

Bí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró pọ̀ fún wákàtí kan, èèyàn 30 á kó jọ, wọ́n á sì fi wákàtí 2 tán, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ iná. Bí a bá da ìdúró gbogbo wọn pọ̀, nǹkan bí wákàtí 45 lórí àwọn èèyàn nìyẹn. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ń dúró fún wákàtí kan, tí èkejì gba ìsinmi tirẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ẹ̀kẹta sì tẹ̀ lé e, 30 ni agbára yín fún wákàtí 3 yẹn, 30 náà ló ń wọlé. Ìlà á ṣì gùn, torí èèyàn kì í wá ní ìdọ́gba ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ó lè tó èèyàn 10 lórí ìlà nígbà tí wákàtí kẹta bá ń parí. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣírò àpapọ̀ rẹ̀, ó sún mọ́ ìdajì ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá wá gbé e sí ìgbà tí èèyàn 20 péré ń wá ní wákàtí kan, ẹ̀rọ méjì á gbé e láìlàágùn: bí ẹnì kan péré ni yóò máa dúró lórí ìlà.

Àmọ́ Jímọ̀ ò ṣeé pín sí mẹ́ta, aago kan náà ni ìrun. Ohun tí mo rí ní ìlú yìí, tí inú mi sì dùn sí, ni ṣọ́ọ̀bù tó ní ọmọ iṣẹ́ Mùsùlùmí méjì àti Kìrìsìtẹ́nì kan. Kìrìsìtẹ́nì di ẹ̀rọ kan mú ní ọ̀sán Jímọ̀, àwọn méjì dì í mú fún un ní àárọ̀ Sunday. Nínú agbo ilé kan náà l'Óṣogbo, ẹ ó rí àlhájì àti díákónì; kò yẹ kó ṣòro láti ṣe irú ètò yìí. Ẹni tó bá sì gbọ́dọ̀ tì pátá, kó kọ aago tó máa ṣí sára ilẹ̀kùn, kó sì ṣí i ní aago yẹn. Ẹni tó mọ̀ pé aago 2 ààbọ̀ ni á lọ ra ẹran ná. Ẹni tí kò mọ̀ á jókòó, á máa kùn.

Tí oníbàárà ò bá sí, mo máa ń sáré lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ṣé ìyẹn náà ń fa ìdúró?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yani lẹ́nu bó ṣe ń fà á. Levy àti Yechiali, àwọn onímọ̀ ìṣirò ìlà, gbé irú ìsinmi yìí yẹ̀ wò ní 1975 fún òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ní 1976 fún òṣìṣẹ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti òṣìṣẹ́ kan ṣe é. Nígbàkígbà tí kò bá sí èèyàn, ó lọ fún ìṣẹ́jú 10. Tó bá dé tí kò bá ẹnì kankan, ó tún lọ. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 10 géérégé ni, ìṣẹ́jú 5 ló ń fi kún ìdúró oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tá a bá pín in dọ́gba. Ìyẹn yé èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé 10 ni tá a bá pín in dọ́gba, tí ó sì ń pẹ́ ní ọjọ́ kan tí ó sì ń yá ní ọjọ́ kejì lọ́nà tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ, ohun tó ń fi kún un lè di ìṣẹ́jú 10. Ìdí ni pé ìrìn tó gùn ló ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn sínú. Ìrìn kúkúrú kì í tiẹ̀ bá ẹnì kankan. Nítorí náà, "mo ń bọ̀ o" tó ní aago sàn ju èyí tí kò ní aago lọ, kódà tí gígùn wọn bá dọ́gba.

Ìlà kan ni kí n ṣe, àbí ìlà mẹ́ta?

Ìlà kan, bó bá ṣeé ṣe. Pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́ pàápàá, ìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń mú kí ìdúró jẹ́ ìṣẹ́jú 8, ìlà kan ń mú kó má tó 2. Bí ẹ̀rọ bá wá dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló jìyà, àwọn tó wà lórí ìlà kejì á máa wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ ibi ìlọta. Ẹ̀rọ tó lọ ata ò lè lọ ẹ̀lùbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ àmàlà tó ń ta lẹ́nu? Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni ti gbígbẹ, méjì ni ti tútù, ìlà méjì lẹ ní: ata àti ẹ̀wà sórí ọ̀kan, ẹ̀lùbọ́ sórí èkejì. Ẹ̀rọ gbígbẹ yẹn, tí kò ní ẹnì kejì, ni kí bẹ́líìtì rẹ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kékeré ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n lọ̀ ọ́ kíá." Ṣé ó yẹ kí n máa gbà?

Nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni. Bí abọ́ kékeré bá ń ṣáájú bàsíà ńlá, ìdúró gbogbo èèyàn lápapọ̀ á dín. Ìyá tó gbé bàsíà mẹ́rin wá nítorí ìnáwó Sátidé á fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ti rẹ̀; ọmọ mẹ́fà tó ru abọ́ á lọ sílé. Àmọ́ bí kékeré bá ń wọlé láìdẹ́kun, bàsíà yẹn lè wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí ìyá kan tó gbé bàsíà rẹ̀ padà pẹ̀lú ìbínú, ó sì jàre. Ẹ gba kékeré méjì, kí ńlá kan tẹ̀ lé e. Mi ò ní ẹ̀rí ìwé fún méjì yẹn, ojú mi ni mo fi rí i.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀rọ dúró nígbà tó kàn án?

Ó sinmi lórí bóyá ohun tí a ti ṣe ṣì wà. Ata tó ti lọ̀ dé ìdajì kò ní padà di odidi. Tí ẹ̀rọ bá dìde, a ó tẹ̀ síwájú láti ibi tá a dé. POS kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárín, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí, nígbà mìíràn owó ti kúrò nínú àkáǹtì láìdé ọ̀dọ̀ yín, ariyanjiyan ti bẹ̀rẹ̀, ẹni kan náà sì ti gba ìṣẹ́jú 20 lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Níbi tí iṣẹ́ ti ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó gùn ló ń jìyà jù: bó ṣe gùn tó ni ìdíwọ́ ṣe lè bá a tó, tó bá sì bá a, ohun tó sọnù pọ̀.

Bí mo bá ń ṣe sáfíìsì ẹ̀rọ déédéé, ṣé ìbàjẹ́ á dín?

Ti ohun tó ń gbó, á dín. Bẹ́líìtì ń gbó, bẹ́àrìn ń gbó, irin tó ń lọ ata nínú ẹ̀rọ ń jẹ. Ẹ pààrọ̀ wọn ní àárọ̀ Tuesday tí kò sí èrò, ẹ má dúró kí wọ́n já ní Sátidé. Ti iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sáfíìsì kò kàn án. Ìsinmi lásán lẹ fi kún un.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yìí?

A. K. Erlang, ọmọ Denmark, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen. Ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ jáde ní 1909, ó fẹ́ mọ iye wáyà tó tó kí ẹni tó ń pe ìpè má bàa pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ adánilóhùn (ẹ̀rọ tàbí òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn) tí kálukú ń bàjẹ́ ní tirẹ̀ kò dé ojú ìwé gidi títí di 1968, nígbà tí Mitrany àti Avi-Itzhak kọ ọ́. Mo rò pé ó yẹ kó ti yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ wáyà Copenhagen kì í bàjẹ́ bíi bẹ́líìtì wa.

Báwo ni mo ṣe lè ka ti ṣọ́ọ̀bù mi?

Ìwé kan, bírò kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ aago tí oníbàárà dé, aago tó kàn án, aago tó lọ. Ní ojú ìwé kejì, ẹ kọ aago tí ẹ̀rọ dúró, aago tí mẹkáníìkì dé, aago tí ẹ̀rọ dìde. Aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ àwọn tó wò ó tí wọ́n yí padà pẹ̀lú. Ìlà tó kúrú nítorí pé èèyàn sá lọ kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ yín tó.

Ẹ má kà á ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ní August, ẹ má sì kà á ní oṣù ààwẹ̀ tí gbogbo èrò ń rọ́ wọlé kí wọ́n tó ṣínu, àfi tó bá jẹ́ pé èrò ìgbà yẹn gan-an lẹ fẹ́ mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ kà á dáadáa, ẹ lo òfin tí John Little fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ ní 1961: iye èèyàn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, tá a bá pín in dọ́gba, jẹ́ iye tó ń wọlé ní wákàtí kan, ní ìlọ́po wákàtí tí ẹnì kan fi ń wà níbẹ̀. Bí 30 bá ń wọlé, tí ẹ sì rí 10 níbẹ̀ nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá gbé orí sókè, ìṣẹ́jú 20 ni ẹnì kan ń lò. Bí ìwé yín bá sọ pé ìṣẹ́jú 8 ni, ẹni tó ń kọ ọ́ ti sùn.